Pípààrọ̀ Fáàfù Ọkàn: Ọwọ́ Oníṣẹ́ Abẹ Dára, Ìtọ́jú Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ló Kù Díẹ̀ Káàtó

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi pààrọ̀ fáàfù ọkàn àbúrò mi obìnrin kẹ́sẹ járí, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa àwọn dókítà tó ṣe é. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ìtọ́jú tó tẹ̀lé e lẹ́yìn tí a padà sí Abẹ́òkúta, nítorí pé ibi tí ilé ìwòsàn ti gbà pé iṣẹ́ tiwọn parí ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún ẹni tí dókítà ti sọ fún pé fáàfù ọkàn rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́, àti fún mọ̀lẹ́bí tí yóò máa bá a lọ, bá a bọ̀. Èkó ni ilé ìwòsàn náà wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ilé oògùn tí a ń lò nílùú wa, nítorí ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n níbikíbi tí ẹ bá gbé aláìsàn yín lọ.

Fáàfù mẹ́rin ló wà nínú ọkàn ènìyàn. Wọ́n dà bí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí ju apá kan lọ: ẹ̀jẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn á padé, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè padà sẹ́yìn. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní mitral, tó wà láàárín yàrá méjèèjì apá òsì ọkàn, ni tàbúrò mi tó bàjẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí kòkòrò kan ń fà lára ọmọdé, bí a kò bá fi oògùn apakòkòrò tọ́jú rẹ̀, lè di ibà rheumatic, ibà yìí a sì máa ba fáàfù jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ń ba fáàfù ọkàn àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tó jẹ́ pé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọjọ́ ogbó ló sábà máa ń fà á. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àbúrò mi. Ó kọ́kọ́ ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà kò lè sùn mọ́ àfi bó bá to ìrọ̀rí lé ara wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní ikọ́ fée ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Àyẹ̀wò ẹ́kò, tí wọ́n fi ń wo ọkàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀rọ, ló fòpin sí àríyànjiyàn náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àfi Íńdíà. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu, wọ́n sì ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí náà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ju orúkọ ìlú lọ ni iye ìgbà tí àwọn tó fẹ́ fọwọ́ kan ọkàn yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí ọwọ́ tó bá ń ṣe nǹkan lemọ́lemọ́ ni nǹkan ń mọ́ lára. A bi dókítà tiwa ní ìbéèrè náà lójúkojú, kò bínú, ó sì dáhùn.

Ọ̀rọ̀ irú fáàfù tí a ó yàn ni ibi tí ilé ìwòsàn yìí ti gba máàkì tó ga jù lọ́wọ́ mi. Dókítà oníṣẹ́ abẹ náà jókòó tì wá, ó ya ọkàn sẹ́yìn ìwé, ó sì mú fáàfù àtọwọ́dá kan jáde láti inú ike pé kí àbúrò mi dì í mú. Òrùka kékeré ni, tí wọ́n fi aṣọ funfun rán etí rẹ̀ yí ká, tí ewé dúdú pẹlẹbẹ méjì sì wà láàárín rẹ̀. Àbúrò mi fi ìka ti ewé náà, ó ṣí, ó tún padé, ó sì ta kẹ́ú. Irú èyí kì í gbó bọ̀rọ̀. Ó lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ a máa fẹ́ dì mọ́ ọn, nítorí náà ẹni tó bá wà lára rẹ̀ yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ìyẹn warfarin, títí ayé rẹ̀. Irú kejì ni èyí tí wọ́n fi awọ ara ẹranko ṣe, yálà fáàfù ẹlẹ́dẹ̀ tàbí awọ tó bo ọkàn màlúù. Ẹni tó bá gba irú èyí lè máà nílò warfarin ju oṣù díẹ̀ lọ, bí kò bá sí ìdí mìíràn, àmọ́ ó sábà máa ń gbó láàárín ọdún 10 sí 15, ó sì ń yá gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ọ̀dọ́. Nígbà náà, wọn yóò tún là á.

Mùsùlùmí ni ọkọ àbúrò mi, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn láìfi sábẹ́ ahọ́n. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, kò sì wàásù. Ó ní ti màlúù wà bí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Ohun tó pinnu ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ọmọ bíbí. Warfarin lè ṣe ìpalára fún oyún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ fi gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ jáde kí wọ́n tó yan fáàfù fún un, ì báà ṣe pé ìyá ọkọ wà níjókòó. Àbúrò mi ti bímọ tán, ó sì yan èyí tó ń ta kẹ́ú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oògùn tuntun wà tí kò la àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ, òótọ́ ni pé ó wà, ṣùgbọ́n wọn kì í lò ó fún ẹni tó ní fáàfù àtọwọ́dá olóhùn yìí. Wọ́n ti dán an wò, kò dáàbò bò wọ́n tó. Ní ti fáàfù tí wọ́n ń gba inú iṣan itan gbé wọlé láìla àyà, èyí tí Alain Cribier kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 2002, fáàfù aortic àwọn àgbàlagbà, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara, ni wọ́n ń lò ó fún jù, kì í ṣe irú ọ̀ràn tiwa.

Ní ti owó, iṣẹ́ yìí a máa wọ mílíọ̀nù náírà, kò sì sí ẹni tí yóò fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún wa kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kò ní àwọn oògùn kan nínú, kò sì ní àfikún ọjọ́ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe nínú. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní láti wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Wọ́n tún rán àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ṣáájú, ohun tó ya àwa lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó lọ́gbọ́n nínú: kòkòrò láti inú eyín jíjẹrà lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá fáàfù tuntun, bó bá sì dé ibẹ̀, oògùn kì í tètè ká a.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà gan-an, ohun tí mọ̀lẹ́bí ń ṣe kò ju kí wọ́n jókòó lọ. Wọ́n á la egungun àárín àyà, ẹ̀rọ kan á gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe nígbà tí wọ́n bá dá ọkàn dúró, wọ́n á gé fáàfù tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á rán tuntun sí àyè rẹ̀, wọ́n á sì fi wáyà so egungun náà pọ̀. Wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ni ó sábà máa ń gbà, ẹ má sì bẹ̀rù bó bá lé díẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rí ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe ló yẹ kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Rọ́bà yóò wà lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń bá a mí, rọ́bà mìíràn yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ àti omi jáde lábẹ́ àyà rẹ̀, okùn ẹ̀rọ yóò wà lọ́rùn àti lọ́wọ́, ojú rẹ̀ yóò sì wú. Nọ́ọ̀sì kan ti kọ́kọ́ jókòó tì mí, ó ka gbogbo rẹ̀ fún mi kí ó tó ṣílẹ̀kùn, n kò sì lè gbàgbé oore náà. Nígbà tí àbúrò mi lajú tí kò lè sọ̀rọ̀ nítorí rọ́bà ẹnu rẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó fi ìka kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́ mi: omi. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì tó àkókò, ó fi òwú tútù pa á létè. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn kì í lò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ níbẹ̀ bí nǹkan bá lọ déédéé, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà kò gbà fún ọ̀lẹ. Wọ́n ní kí ó jókòó sórí àga, kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ó máa fa èémí sínú ẹ̀rọ oníke kékeré kan tí bọ́ọ̀lù ń gòkè nínú rẹ̀, kí ó sì gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà bó bá fẹ́ wúkọ́. Ó dun ún, ó sì ń bínú sí wọn. Ẹni tí kò bá wúkọ́ lè kó àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà, ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ má bá aláìsàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lù gbúgbú ségesège fún àkókò díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún un lóògùn, ó sì rọ̀. Dókítà ní ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí. Ní òru, nígbà tí wọ́ọ̀dù bá dákẹ́, a ń gbọ́ fáàfù náà: tíkí, tíkí, tíkí. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó wá kí i, gbé etí lé e ní apá, ó ní màmá òun ti gbé aago mì.

Láti ibi tí wọ́n ti ní kí a máa lọ sílé ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa kò ju ojú ìwé kan lọ: orúkọ oògùn, ọjọ́ tí a ó padà wá, àwọn ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe, àti pé kí a "máa ṣe INR". INR ni àyẹ̀wò tí ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì. Iye tí a ń lépa kò sí nínú ìwé náà. Fún fáàfù mitral àtọwọ́dá bí tirẹ̀, láàárín 2.5 sí 3.5 ni ó yẹ kí ó wà. Fún aortic, láàárín 2 sí 3 ni ó sábà máa ń jẹ́. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ fáàfù, kí èyí tó dì náà já lọ sí ọpọlọ, kí ó sì fa rọpárọsẹ̀. Bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdúró. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́ iye yìí yẹ kí ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ bàbá rẹ̀, àmọ́ àwa ni a pe Èkó títí kí a tó rí ẹni tó sọ ọ́ fún wa.

Ní Abẹ́òkúta, ibi àyẹ̀wò tí a kọ́kọ́ lò gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní kí a padà wá gba èsì lọ́jọ́ kejì. Bí èsì bá jáde, kò sí ẹni tí yóò sọ bóyá kí a fi kún oògùn ni tàbí kí a dín in kù. Ibi kejì ń fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì ní kí a má máa yí ibi àyẹ̀wò padà ṣáá, nítorí a kì í mọ̀ bóyá ara ló yàtọ̀ tàbí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ la dúró sí. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àyẹ̀wò yìí máa ń súnmọ́ ara wọn. Bí iye náà bá ti dúró déédéé, ó lè di oṣooṣù. Apòògùn kan ní agbègbè Pànṣẹ́kẹ́ ló ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ilé ìwòsàn ṣe. Ó kọ ọjọ́, iye INR àti ìwọ̀n oògùn sínú ìwé kékeré kan, ó ní ìrọ̀lẹ́ ni kí àbúrò mi máa lò ó, kí ó má ṣe lo ìlọ́po méjì bó bá gbàgbé, kí a sì máa ka iye tó wà lára páálí, kí a má fọkàn tán àwọ̀ oògùn, torí ilé iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí èkejì. Ó tún kìlọ̀ nípa Flagyl àti Septrin, tí àwa ń rà bí ẹni ra gúgúrú: méjèèjì lè gbé INR sókè gan-an. Kí ó má lo ibuprofen àti aspirin, àfi tí dókítà bá kọ ọ́. Fún ìrora, paracetamol níwọ̀nba. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ ibà sí ìdí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, torí ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ẹran ara. Àgbo ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bí yóò ṣe bá warfarin jà, nítorí náà ó di èèwọ̀ nílé wa, ì báà jẹ́ pé ìyá àgbà ló sè é.

Ẹnìkan ní ilé ìwòsàn sọ fún un pé kó má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Fún ọmọ Ẹ̀gbá tí a fi láfún àti ewédú tọ́ dàgbà, ìjìyà ńlá nìyẹn, kò sì tọ̀nà. Fítámì K tó wà nínú ewédú, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti úgú ló ń dín agbára warfarin kù, ṣùgbọ́n ohun tí ń da INR rú ni kí ènìyàn jẹ ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó má sì fojú kàn án ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ó máa jẹ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì fi oògùn bá oúnjẹ rẹ̀ mu. Àbúrò mi padà sídìí ewédú rẹ̀, INR rẹ̀ sì dúró.

Egungun àyà ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ó tó sopọ̀ dáadáa, ó sì lè tó 12. Láàárín àkókò yìí, kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wúwo ju bíi kílò mẹ́rin lọ, kò gbọ́dọ̀ fa omi kànga, kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀. Àwọn ìlànà wọ̀nyí wà nínú ìwé wọn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọ̀nà tí àwa fi ń gbé ayé wa. Ríro láfún pẹ̀lú ọmọrogùn ń fa àyà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkúnlẹ̀: bí ó bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ọwọ́ ni yóò fi ti ilẹ̀ dìde, ìwúwo ara rẹ̀ yóò sì bọ́ sórí egungun tí wọ́n fi wáyà so. A ní láti sọ fún gbogbo àlejò pé ó ń kúnlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ọ̀kadà kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, pàápàá pẹ̀lú ojú títì wa. Nígbà tí a ń bọ̀ láti Èkó, ìrọ̀rí kékeré ni a fi sáàárín àyà rẹ̀ àti bẹ́líìtì ọkọ̀, a sì ń dúró kí ó lè na ẹsẹ̀.

Oúnjẹ kò wù ú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, ó sì máa ń sunkún láìnídìí lọ́sàn-án gangan. Àwọn aládùúgbò fẹ́ pe àdúrà lé e lórí. Ìbànújẹ́ báyìí wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, ó sì sábà máa ń lọ. Bí kò bá lọ, kí ẹ sọ fún dókítà. Rírìn ló ràn án lọ́wọ́ jù, lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní kùtùkùtù, nítorí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là láyà. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ó ń gun ìwọ̀n, torí bí ara bá tẹ̀wọ̀n sí i lójijì tí ẹsẹ̀ sì ń wú, omi ló ń dúró sí ara. Ibà, ojú ọgbẹ́ tó ń tú omi, ìgbẹ́ dúdú, ẹnu tó ṣe wọ́ tàbí apá tó kọ̀ láti gbéra, èémí tó ń já: ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ. Àbúrò mi ti padà sí kíláàsì báyìí, ó sì ń gun àtẹ̀gùn láìdúró.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi kò rí bákan náà fún gbogbo wọn. Oníṣẹ́ abẹ àti nọ́ọ̀sì yàrá àkànṣe: mo lè gbé ẹbí mi padà lọ bá wọn lọ́la. Ọ́fíìsì tó ń gba owó: ẹ mú ìwé àti bírò lọ. Ìtọ́jú lẹ́yìn ìtúsílẹ̀: kò dára tó fún owó tí a san. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹni tí yóò gbé fóònù bí INR bá jáde lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń lépa sílẹ̀, ẹ sì wá dókítà ọkàn kan ní Abẹ́òkúta tí yóò gba fáìlì náà lọ́wọ́ wọn, kí aláìsàn yín sì ti rí i sójú kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.